Ọdún Márùndínlógójì Tí Mo Fi Ń Gbé Apá Ẹlòmíràn Sókè

Ojú mi yìí ni mo fi rí gbogbo ohun tí mo fẹ́ kọ yìí. N kò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. N kò sì kà á nínú ìwé, nítorí prámárì fọ́ọ̀ ni mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀, ìwé tí mo kà kò pọ̀. Bí mo bá sọ pé apá kan yẹ̀ kúrò ní oríkèé, mo wà níbẹ̀ nígbà tó yẹ̀, mo gbọ́ bó ṣe dún. Bí mo bá sọ pé apá kan gòkè, ọwọ́ mi ló wà lábẹ́ ìgúnpá rẹ̀. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó wá sí Kábà kó béèrè Délé Alápá. Ọlọ́kadà tó bá gbé e kò ní bi í léèrè àdúgbò.

Bámidélé ni orúkọ tí bàbá mi sọ mí. Ìlú ló fi Alápá kún un. Yàrá fíṣíò ní ilé ìwòsàn wa ní Kábà ni mo ti ṣiṣẹ́ fún ọdún márùndínlógójì. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí ẹ ó ṣe, tí ẹ kò sì mọ ohun tó ń jẹ́ fíṣíò, ẹ gbọ́. Dókítà ló máa ń la ara, nọ́ọ̀sì ló máa ń fọ egbò. Nígbà tí wọ́n bá ṣe tiwọn tán, apá tàbí ẹsẹ̀ tí wọ́n tún ṣe náà kì í mọ iṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Á kàn máa gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni bí àlejò. Àwa la máa ń kọ́ ọ títí yóò fi tún di onílé.

Nínú ìwé ìjọba, òṣìṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ ni wọ́n kọ mí sí. Orúkọ yẹn náà ni mo fi fẹ̀yìntì. Ẹ má bá mi kẹ́dùn. Àwọn tó kàwé títí dé yunifásítì ti dúró lẹ́yìn mi, tí wọ́n ń wò bí mo ṣe ń gbé apá, tí wọ́n ń kọ ọ́ sínú ìwé wọn.

Bí mo ṣe wọ iṣẹ́ kò gùn. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ń se oúnjẹ níbẹ̀, wọ́n ń wá ẹni tó lágbára, mo lágbára. Ẹni ọdún mọ́kànlélógún ni mí nígbà náà. Owó oṣù rẹ̀ kò tó nǹkan. Ó parí.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ni Ọ̀gá Jímọ̀, ọmọ Ògìdì, mùsùlùmí tòótọ́, tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀pá àsíá. Òun nìkan ni fíṣíò tí ilé ìwòsàn náà ní nígbà yẹn. Kì í pariwo. Ìbá sàn fún wa kó máa pariwo. Bí o bá ṣẹ̀ ẹ́, á kàn yọ gíláàsì ojú rẹ̀, á fi etí aṣọ nù ún, á tún un fi sójú, á wá wò ọ́ bí ẹni tó ń wá ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe ọ́ ní àṣìṣe.

“Kí lo lè gbé?” ló bi mí ní ọjọ́ àkọ́kọ́.

“Àpò sìmẹ́ńtì méjì lẹ́ẹ̀kan náà, sà.”

“Ta ló béèrè sìmẹ́ńtì? Gbé apá mi.”

Ó jókòó, ó jọ̀wọ́ apá ọ̀tún rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni tó ti sùn lọ. Mo gbá ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, mo gbé e sókè fìà. Ó fi ọwọ́ òsì gbá mi ní ìpàkọ́.

“Ṣé àgbò iléyá ni mí? Fífà lo fà á. Tún un gbé.”

Mo tún un gbé. Ó tún gbá mi. Títí wọ́n fi pe ìrun ọ̀sán ni mo ń gbé apá ọkùnrin yìí. Lẹ́yìn ìrun, ó padà wá jókòó, a tún bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ kẹta ló tó yé mi. Ọwọ́ kan lábẹ́ ìgúnpá, ọwọ́ kan lábẹ́ ọrùn ọwọ́, kí o má sì di ohunkóhun mú. Kí ọwọ́ rẹ kàn jẹ́ àga fún apá náà. Apá tó bá rí i pé wọn kò di òun mú á gbà kí wọ́n gbé òun. Èyí tí wọ́n bá dì mú á le gbagidi. Ohun tí mo sọ yìí, àwọn kan ti ka ìwé ọdún márùn-ún kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n. Ìpàkọ́ ni èmi fi kọ́ ọ.

Mo rò pé mo ti di ọ̀gá. Mo ní, “Ọ̀gá, ta ni aláìsàn àkọ́kọ́ tí n ó gbé apá rẹ̀?”

Ó ní, “Ìwọ.”

Ó mú aṣọ funfun, ó fi so apá ọ̀tún mi rọ̀ mọ́ àyà, ó ta kókó sí i lẹ́yìn ọrùn mi. Ó ní ọjọ́ mẹ́rìnlá ni, n kò gbọ́dọ̀ tú u àfi tí mo bá fẹ́ wẹ̀. Tí mo bá tú u láti wẹ̀, mo gbọ́dọ̀ jẹ́ kí apá náà rọ̀ wálẹ̀ bí òkú.

Ẹ gbìyànjú rẹ̀ wò kí ẹ tó rẹ́rìn-ín. Ẹ gbìyànjú láti fi òsì wọ ṣòkòtò, láti fi òsì gbá ilẹ̀. Oorun ló burú jù, nítorí apá tí a so rọ̀ kì í rí ibi sùn sí, àfi tí o bá fi ìrọ̀rí sábẹ́ ìgúnpá rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyé, gbé iyán síwájú mi. Mo na òsì sí i. Ó gbá ọwọ́ náà kúrò.

“Délé! Ta ló kọ́ ọ ní èyí?”

“Ìyé, Ọ̀gá ló so ọ̀tún mi.”

“Kí ló ṣe é?”

“Kò ṣe nǹkan kan.”

“Kò ṣe nǹkan kan, wọ́n wá so ó? Ilé ìwòsàn ni wọ́n gbà ọ́ sí àbí ọgbà ẹ̀wọ̀n?”

Ó dìde, ó kọjá lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá Jímọ̀ ní ilé rẹ̀. N kò mọ ohun tí wọ́n sọ. Nígbà tó dé, kò bínú mọ́. Ó bu iyán sí mi lẹ́nu bí ọmọdé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó bọ́ síta, ó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé ní àdúgbò wa, ó ń sọ fún àwọn àgbà pé ọmọ òun kò ní lè dọ̀bálẹ̀ kí wọn fún ọjọ́ mélòó kan, pé òsì ni yóò máa fi gba nǹkan lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n má kà á sí àfojúdi. Mo rò pé ó kàn fẹ́ràn ariwo ni. Ẹ fi ibí yìí sọ́kàn, n ó padà sí i.

Ní ọjọ́ kẹfà, apá ń yún mi, mo tú aṣọ náà nínú ilé ìgbẹ́, mo na apá mi títí ó fi dùn mọ́ mi. Mo so ó padà. Nígbà tí mo dé ibi iṣẹ́, Ọ̀gá Jímọ̀ yí mi kiri, ó wo kókó tó wà lẹ́yìn ọrùn mi. Ó yọ gíláàsì, ó nù ún.

“Kókó mi kọ́ nìyí.”

“Mo wẹ̀ ni, sà.”

“Nígbà tí o wẹ̀, ìyá rẹ ló so ó, èmi ni mo kọ́ ọ bó ṣe máa so ó nígbà tó wá bá mi nílé. Èyí, òsì ló so ó.” Ó tú u, ó tún un ta. “Ọjọ́ kìíní.”

Báyìí ni ọjọ́ mẹ́rìnlá ṣe di ogún. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, kò sí aláìsàn tó lè sọ fún mi pé n kò mọ bó ṣe ń ṣe òun.

Irinṣẹ́ wa nígbà yẹn kò pọ̀, ọwọ́ wa la fi ṣe é. Kẹ̀kẹ́ irin kékeré tí wọ́n fi ń fa omi kànga la kàn mọ́ òkè fèrèmù ilẹ̀kùn, okùn gba orí rẹ̀ kọjá, igi kékeré sì wà ní ẹnu rẹ̀ méjèèjì. Aláìsàn á jókòó, á fi ọwọ́ tó dá fa okùn wálẹ̀, èyí tí kò dá á máa gòkè lọ́fẹ̀ẹ́. A gé igi ìgbálẹ̀ sí ọ̀pá tí aláìsàn máa fi ọwọ́ méjèèjì gbé sókè níbi tó dùbúlẹ̀ sí. A rán àpò kékeré láti ara ṣòkòtò kakí àtijọ́, a rọ yanrìn sí i. Lọ́wọ́ àwọn tó ń lẹ taya ní gáréèjì la ti gba rọ́bà inú taya kẹ̀kẹ́, òun la fi ń kọ́ èjìká lágbára. Lórí ògiri, mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí ibi tí ọwọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan gòkè dé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, mo sì kọ lẹ́tà orúkọ rẹ̀ sí i. Ògiri yẹn ni ìwé tèmi.

Obìnrin kan wá láti Òkè-Bùkún, ahunṣọ ni. Òfì tirẹ̀ ga, ó nàró ti ògiri, èjìká rẹ̀ méjèèjì sì ti le gan-an débi pé kò lè na ọwọ́ dé orí òwú. Oṣù mẹ́rin la fi bá a jà. Ní ọjọ́ tí ìka rẹ̀ rìn lórí ògiri kọjá ìlà tó ga jù, ó yí padà, ó gbá mi mọ́ra níwájú ọkọ rẹ̀. Ọkọ náà ní, “Alápá, ó tó bẹ́ẹ̀, fi ìyàwó mi sílẹ̀.” Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti mọ́ mi lára. Aṣọ tó hun fún mi ṣì wà nínú àpótí mi.

Mo lè ka irú rẹ̀ ogójì fún yín. Èmi àti Ọ̀gá Jímọ̀ la ṣe wọ́n, ṣùgbọ́n ọwọ́ èmi ló ń ṣe é, ẹnu tirẹ̀ ló ń sọ ọ́.

Ó wá kan ti Tíṣà.

Ó tó ọdún méjìdínlógún tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́, ó ku ọdún méjì kí Ọ̀gá Jímọ̀ fẹ̀yìntì, nígbà tí wọ́n gbé Tíṣà wá. Ọmọ Igbaruku ni, ó ti kọ́ ọmọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó ti fẹ̀yìntì padà sí oko iṣu. Ọ̀kadà ló gbé e ṣubú, egungun èjìká ọ̀tún rẹ̀ fọ́ wẹ́wẹ́. Àwọn ọmọ rẹ̀ gbé e lọ sí Abuja, níbẹ̀ ni wọ́n ti yọ èjìká tó fọ́ kúrò tí wọ́n fi ti irin rọ́pò rẹ̀. A kò tíì rí irú rẹ̀ rí ní Kábà. Ó wá ń gbé lọ́dọ̀ ọmọbìnrin rẹ̀ tó jẹ́ aránṣọ níbí, kó lè máa wá sọ́dọ̀ wa.

Ìwé kan bá a wá láti Abuja. Ọ̀gá Jímọ̀ kà á sí mi létí lẹ́ẹ̀mẹta. Aṣọ ìsorọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Kó máa tẹ ara síwájú, kó jẹ́ kí apá náà máa fì lọ fì bọ̀. Kí a máa bá a gbé e, kó má gbé e fúnra rẹ̀. Kó má gbé ohun tó wúwo ju ife tíì lọ. Kó má na ọwọ́ sẹ́yìn. Kó má fi ọwọ́ náà ti àga tàbí bẹ́ẹ̀dì dìde. Mo há gbogbo rẹ̀ sórí, mo lè kà á fún yín báyìí láìwo ìwé.

Ọ̀gá Jímọ̀ fi òfin kan tirẹ̀ kún un: “Nígbà tí apá ọkùnrin yìí bá wà níta aṣọ, àlejò kankan kò gbọ́dọ̀ wọ yàrá yìí.” Kò sọ ìdí. Ọ̀gá Jímọ̀ kì í sọ ìdí.

Tíṣà dára láti bá ṣiṣẹ́. Ó máa ń pe èmi ní “Ọ̀gá mi”, bẹ́ẹ̀ ó tó bàbá mi. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin ló sọ ọ́ fún mi, bí apá rẹ̀ ṣe ń fì.

“Délé, ṣé apá yìí á lè gbé ọkọ́?”

“Bí Ọlọ́run bá fẹ́, á gbé ọkọ́, á gbé àáké.”

“Òjò ló ń lé mi. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ló ni ilẹ̀ etí odò kan lábẹ́ ẹbí. Ẹ̀gbọ́n mi ti darúgbó, èmi ni mo ń kọ ebè ti àwa méjèèjì. Àṣà ẹbí wa ni pé ilẹ̀ tí òjò méjì bá rọ̀ sí láìsí ebè lórí rẹ̀, wọ́n á gbé e fún ẹlòmíràn. Ti ọdún yìí ti kọjá mi lórí bẹ́ẹ̀dì. Àwọn kan ti ń sọ nínú ẹbí pé apá Tíṣà ti kú, kí wọ́n má wulẹ̀ dúró mọ́.”

“Ta ló ní ó ti kú?”

“Wọ́n ń sọ ọ́ ni. Sátidé tó ń bọ̀ lẹ́yìn èyí ni wọ́n á ṣe ìpàdé.”

Inú bí mi. Apá tí èmi Délé ń gbé, kí ẹnì kan ní Igbaruku máa pè é ní òkú? Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, okùn kànga ti fa ọwọ́ Tíṣà dé ìlà tó ga ju orí rẹ̀ lọ. Irú rẹ̀ kò tíì ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún lójú mi rí. Ọ̀gá Jímọ̀ rìnrìn àjò lọ sí Ìlọrin lọ́sẹ̀ yẹn, nítorí ìyàwó ọmọ rẹ̀ bímọ. Mo sọ fún ọmọbìnrin Tíṣà pé kó ránṣẹ́ pe ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ láti Igbaruku. Kó wá fi ojú rẹ̀ rí i, kó lọ jẹ́rìí ní ìpàdé ọjọ́ Sátidé. Mi ò sọ fún Tíṣà. Mo fẹ́ kó yà á lẹ́nu.

Ọjọ́bọ̀ ni, agogo mẹ́wàá àárọ̀ ti kọjá díẹ̀. Tíṣà jókòó lábẹ́ okùn, apá wà níta aṣọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Bàbá Sọ́ńdè, yọ sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, funfun lórí, ó tó ẹni ọgọ́rin ọdún. Mo ya ẹnu láti sọ pé, “Bàbá, ẹ wá wo apá!”

 Tíṣà ti ju okùn sílẹ̀. Ó ti na gbalaja sílẹ̀ níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, àyà rẹ̀ kan ilẹ̀, bó ṣe ń ṣe láti ìgbà tó ti mọ ìrìn. Kò rò ó. Ta ló máa ń rò ó?

“Okun o, ẹ̀gbọ́n mi,” ló fi kí i, bí a ṣe ń kí ara wa ní ilẹ̀ wa.

“Okun, àbúrò mi. Okun o. Dìde, dìde.”

Mo ké, “Rárá!” Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ló ní kó dìde, èmi kọ́ ló máa gbọ́. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ti ilẹ̀. Èjìká náà dún pọ̀, bí ìgbà tí wọ́n ṣí ìgò. Ó tún fi ojú dé ilẹ̀, orí èjìká irin náà sì ti yọ síwájú lábẹ́ awọ, mo rí i, ó tó ọsàn.

Kò ké. Ó kàn ń sọ pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú, mi ò lè dìde.”

Bàbá Sọ́ńdè wò mí. “Kí ni mo ṣe?”

 Mo ti há gbogbo ìwé Abuja sórí, kò sí ìdọ̀bálẹ̀ nínú rẹ̀. Àwọn tó kọ ọ́ rò pé orí àga àti bẹ́ẹ̀dì nìkan ni èèyàn ti máa ń dìde. Ṣùgbọ́n èmi kò lè fi ìyẹn gba ara mi sílẹ̀. Ìyá mi, tí kò mọ A yàtọ̀ sí B, ti lọ láti ojúlé dé ojúlé nítorí apá tèmi tí kò ṣe nǹkan kan. Ó ti rí i láti ọdún méjìdínlógún sẹ́yìn. Èmi ni mo gbàgbé.

Wọ́n gbé Tíṣà padà sí Abuja ní ọjọ́ náà. Wọ́n tún èjìká náà là.

Ọ̀gá Jímọ̀ dé lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ó wo okùn, ó wo ògiri, ó wo èmi.

“Ta ló pè é wá?”

“Èmi ni, sà.”

“Nítorí kí ni?”

Mo fẹ́ sọ pé nítorí ilẹ̀ Tíṣà ni. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kò tán síbẹ̀, ojú ọkùnrin yẹn kò sì ṣe é parọ́ fún. Mo ní, “Mo fẹ́ kí wọ́n rí ohun tí ọwọ́ mi ṣe.”

Ó yọ gíláàsì rẹ̀. Ó nù ún pẹ́. Ó wá ṣí àpótí, ó mú aṣọ funfun jáde. Èmi tí mo ti ń lọ sí ogójì ọdún, tí mo ní ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta, ó ní kí n yí ẹ̀yìn padà. Ó so apá ọ̀tún mi rọ̀, ó ta kókó.

“Ọjọ́ kìíní,” ló wí.

N kò tú u. Ọjọ́ mẹ́rìnlá ló pé, ìyàwó mi ló ń so ó tí mo bá wẹ̀. Nígbà tí mo bá bá àgbà pàdé, mo máa ń tẹ̀ díẹ̀, mo máa ń sọ pé, “Bàbá, ẹ má bínú, Tíṣà ni mo ń bá so ó.” Ìlú fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn ọlọ́kadà á pariwo pé, “Alápá, ta ló gba apá ẹ?” Kí àṣìṣe náà má bàa tún ṣẹlẹ̀, mo wọ ilé àwọn àgbà ní Kábà, mo ṣàlàyé fún wọn: ẹni tí ẹ bá rí tó so apá rọ̀, ẹ kọ́kọ́ ní kó jókòó, kí ẹ tó kí i.

Tíṣà padà wá lẹ́yìn oṣù kan. N kò mọ bó ṣe máa wò mí. Ó jókòó, ó ní, “Ọ̀gá mi, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀.” Mo yí ojú sí ògiri kó má bàa rí mi.

Oṣù mẹ́sàn-án la fi ṣe é. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ẹni tí mo jẹ́, oṣù mẹ́sàn-án yẹn ni kí ẹ béèrè. Èjìká tí wọ́n là lẹ́ẹ̀mejì máa ń bẹ̀rù. Kì í gbà. Ojoojúmọ́ ni mo ń fi yìnyín píọ́wọ́tà tẹ̀ ẹ́, tí mo fi ọwọ́ méjèèjì ṣe àga fún un, tí mo ń bá a sọ̀rọ̀. Fún oṣù méjì, kò kúrò ní ìwọ̀n ìbàdí. Ọ̀gá Jímọ̀ ní kí n má lé e. N kò lé e.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń wá lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Kò wọ yàrá náà mọ́. Ní ìta lẹ́bàá fèrèsé ló máa ń dúró sí. Kó tó yọ ojú ló ti máa ń pariwo láti ọ̀nà pé, “Jókòó! Tíṣà, jókòó síbẹ̀! Okun o!” Gbogbo ilé ìwòsàn á mọ̀ pé ó ti dé. Ó sọ fún mi lẹ́ẹ̀kan pé, “Délé, ìkíni tèmi ló ṣẹ́ ẹ.” Mo ní, “Rárá, Bàbá, ìpè tèmi ni.” Ó mi orí, kò gbà.

Ní Sátidé tó tẹ̀lé Ọjọ́bọ̀ yẹn, ó ti lọ sí ìpàdé ẹbí, ó sọ òótọ́ fún wọn, wọ́n gbà láti dúró de òjò kejì. Ó sì ṣe ohun kan sí i. Ó dìde níwájú àwọn àgbà Igbaruku, ó ní ẹnikẹ́ni tó bá so apá rọ̀ kò gbọ́dọ̀ dọ̀bálẹ̀ fún òun tàbí fún àgbà kankan mọ́. Àgbà tó bá bínú, kó wá bá òun jà.

Òjò kejì rọ̀. Apá Tíṣà kò kọjá àyà. Mo bá ọmọbìnrin rẹ̀ sọ ọ́ pé kí wọ́n gba lébìrà kó kọ ebè náà, Tíṣà ní ẹbí kì í ka ebè àgbàkọ sí ebè. Wọ́n gbé ilẹ̀ náà fún ọmọ ìbátan wọn kan. Ní oṣù kẹjọ, Bàbá Sọ́ńdè kú. Mo bá wọn lọ sí Igbaruku. Nígbà tó kan Tíṣà láti da iyẹ̀pẹ̀ sí sàréè, ó wò mí. Mo mi orí sí i. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún bu iyẹ̀pẹ̀, ó na apá náà síwájú gbọọrọ láìsí ọwọ́ ẹnikẹ́ni lábẹ́ rẹ̀, ó dà á. Mo ti ṣe iṣẹ́ púpọ̀ láyé mi. Kò sí èyí tó dára tó ìyẹn.

Ní oṣù kẹsàn-án, ó fi ọwọ́ ọ̀tún dé fìlà. Ibẹ̀ ló gòkè mọ.

Ọ̀gá Jímọ̀ fẹ̀yìntì. Ní ọjọ́ tó ń lọ, ó fún mi ní aṣọ funfun yẹn, kò sọ ìdí. Àwọn fíṣíò ọ̀dọ́ dé pẹ̀lú rọ́bà aláwọ̀ mèremère láti òkè òkun. Ó já ní oṣù kejì, wọ́n bi mí pé níbo ni mo ti ń ra rọ́bà taya. Wọ́n kun ògiri mi ní ọ̀dà, gbogbo ìlà mi lọ sábẹ́ rẹ̀. Báyìí inú fóònù ni wọ́n ń fi eré ìdárayá apá ránṣẹ́ sí aláìsàn, aláìsàn á máa wò ó nílé. N kò bá wọn jà. Fóònù dára. Ṣùgbọ́n fóònù kò ní ọwọ́ tí yóò fi sábẹ́ ìgúnpá.

Ìwé tí ilé ìwòsàn wa ń fún ẹni tó bá ṣe iṣẹ́ abẹ èjìká lónìí, ẹ béèrè fún un, ẹ wo ìlà keje. “Má dọ̀bálẹ̀. Má fi ọwọ́ ti ilẹ̀ dìde láti orí ìkúnlẹ̀. Sọ fún àwọn àgbà ilé rẹ kí wọ́n tó wá kí ọ.” Èmi tí mo ka prámárì fọ́ọ̀ ni mo sọ ọ́ kí wọ́n tó kọ ọ́. Láti ìgbà tí ìlà yẹn ti wà níbẹ̀, ẹni mẹ́rin ni mo ti rí tí wọ́n fi irin rọ́pò èjìká wọn, kò sí èyí tó yẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá iṣẹ́, iṣẹ́ yìí dára. Ó gba ìpàkọ́ líle. N kò ní fi ohun tó sọnù pa mọ́ fún yín.

Ilẹ̀ etí odò kan, ó lọ. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ó lọ. Apá ọ̀tún Tíṣà láti ìwọ̀n orí lọ sókè, kò padà. Bàbá Sọ́ńdè kú, kò rí fìlà yẹn. Láti Ọjọ́bọ̀ yẹn títí ó fi kú, Tíṣà kò dọ̀bálẹ̀ fún un mọ́.

Ohun márùn-ún ló sọnù.